Ẹ̀rọ tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀: Ẹ̀yin òbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má tíì náwó yín o!

Ta ló dàgbà l'Ógbómọ̀ṣọ́ tí kò fa òòfà rí? Ẹni tó bá ní òun ò fà á rí, á jẹ́ pé ilé olówó ni wọ́n bí i sí, tàbí kó jẹ́ pé ìyá ẹ̀ kì í jẹ́ kó jáde síta. Sípíkà rédíò tó bá ti bàjẹ́ ni àwọn ọmọdé máa ń tú. Wọ́n á yọ òòfà roboto tó wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á so okùn mọ́ ọn, wọ́n á sì máa wọ́ ọ lórí iyanrìn kiri àdúgbò, láti Ìsàlẹ̀-Ọrà títí dé Òkè-Ẹlẹ́rìn. Kí wọ́n tó dé ìdí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, irin wẹ́wẹ́ á ti bo òòfà náà bí irùngbọ̀n bàbá àgbà. Ìṣó wà níbẹ̀, nọ́ọ̀tì wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ tí ìyá télọ̀ ti wá tì náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ ìwárin àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá ní nìyẹn, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti rí òyìnbó nínú fóònù ìyá ẹ̀ tó ń rìn kiri inú oko, ọ̀pá gígùn lọ́wọ́ ẹ̀, abọ́ pẹlẹbẹ nídìí ọ̀pá náà, ìgbọ́rọ̀ létí. Ọ̀pá ké “píìn,” òyìnbó bẹ̀rẹ̀, ó fi ṣọ́bìrì kékeré hú ilẹ̀, owó wúrà àtijọ́ ló gbé jáde. Ó parí! Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ ò jẹ́ kí ilé ó simi mọ́. “Mọ́mì, ẹ bá mi ra èyí. Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Àǹtí tó wà ní London.” Àǹtí tó wà ní London náà kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ahun, ó ti ṣe tán láti fi ránṣẹ́ kí Kérésìmesì tó dé. Ohun tó ń bèèrè ò ju ẹyọ kan lọ: èwo ni kóun rà?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ yìí pọ̀ lórí àtẹ bí ẹ̀wà. Ti ọmọdé wà, ti àgbàlagbà wà, gbàrọgùdù náà sì wà níbẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Iye tí wọ́n ń tà á ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè, bẹ́ẹ̀ ìyẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Irú ilẹ̀ tí ọmọ máa dúró lé ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹ̀rọ ọ̀hún kì í ṣe àjèjì pátápátá. Ẹni tó bá ti wọ báǹkì rí, tàbí tó ti lọ síbi òde ńlá tí wọ́n ti ń yẹ ara èèyàn wò lẹ́nu géètì, ti rí àbúrò ẹ̀. Igi dúdú kékeré tí àwọn sikiọ́ríìtì máa ń gbé kọjá lára èèyàn, tó máa ń han tó bá kan kọ́kọ́rọ́ tàbí bẹ́líìtì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Èyí tí wọ́n ń gbé wọnú oko ni ẹ̀gbọ́n. Wáyà bàbà tí wọ́n ká roboto ló wà nínú abọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀. Iná bátìrì á máa gba inú wáyà náà lọ, á máa gbà á bọ̀, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kéèyàn tó ṣẹ́jú. Agbára kan tó jọ ti òòfà á jáde látibẹ̀ wọnú ilẹ̀. Tí agbára yẹn bá bá irin pàdé, tàbí bàbà, tàbí idẹ, tàbí wúrà, iná kékeré á dìde nínú nǹkan náà, òun náà á sì rán agbára tiẹ̀ padà sókè. Èyí tó padà wá yẹn ni ẹ̀rọ ń gbọ́ tó fi ń ké. Òòfà ẹ̀yìn sípíkà ò lè ṣe ìyẹn. Irin lòun mọ̀ ní tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ́ ọ kọjá lórí òrùka wúrà nígbà ogún, kò ní gbé e.

Ẹ̀rọ yìí sì lè purọ́ o. Ó ti purọ́ fún ẹni tó ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1881, wọ́n yìnbọn fún ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, James Garfield. Ọta wọ ara ẹ̀, àwọn dókítà wá a tì. Ni wọ́n bá ké sí Alexander Graham Bell, ọkùnrin tó gba ìwé àṣẹ tẹlifóònù ní 1876, pé kó wá fi ẹ̀rọ wá ọta náà. Bell gbé ẹ̀rọ dé, ó gbé e sórí ààrẹ, ẹ̀rọ sì ń ké káàkiri ibi tí kò yẹ kó ti ké. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ tí wọ́n bọ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá sọ pé bẹ́ẹ̀dì tí ààrẹ sùn lé ní sípíríìngì irin lábẹ́. Dókítà àgbà tó ń tọ́jú ẹ̀ tún wonkoko mọ́ ọn pé apá ọ̀tún ni kí Bell ti wá a, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta dúró sí. Garfield kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn.

Kí ló wá kan ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nínú bẹ́ẹ̀dì ààrẹ Amẹ́ríkà? Ó kàn án gan-an ni. Bẹ́ẹ̀dì onísípíríìngì ni ilẹ̀ ìlú yìí náà. Ilẹ̀ pupa tí ẹ ń rí, tó ń ba aṣọ funfun jẹ́ lásìkò ọyẹ́, irin tó ti dógùn-ún sínú ẹ̀ ló sọ ọ́ di pupa. Yangí tí wọ́n fi ń dí kòtò ojú títì, irin ló pọ̀ nínú ẹ̀. Kì í ṣe òní ni wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba ńlá Yorùbá ń wa irú òkúta bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi iná yọ́ ọ, wọ́n sì ń rọ ọkọ́ àti àdá níbẹ̀ kí irin òyìnbó tó dé. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy kọ ìwé jáde lórí iṣẹ́ náà ní 1904, agbègbè Ọ̀yọ́ níbí ló ti rí i. Ìdàrọ́ tó ṣẹ́kù nídìí iná wọn ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ lóríṣiríṣi ibi, ẹ̀rọ á sì máa ké lé e lórí bíi pé ó rí góòlù.

Nítorí náà, ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe fún ọmọ òyìnbó tó ń ṣeré lórí koríko ilé wọn lè dé Ògbómọ̀ṣọ́ kó sì ya wèrè. Ẹ gbé e sílẹ̀, ó ké. Ẹ gbé e sókè, ó dákẹ́. Ẹ tún gbé e sílẹ̀, ó tún ké. Ọmọ á gbẹ́ kòtò mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, kò ní rí nǹkan kan, á sì sọ ẹ̀rọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Owó Àǹtí London ti wọgbó nìyẹn.

Ohun tó yẹ kí wọ́n bi ẹni tó ń tà á ni pé: ṣé ẹ̀rọ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń fojú fo irin tó wà nínú ilẹ̀ fúnra ẹ̀? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé èèyàn ló máa fọwọ́ yí i títí ariwo ilẹ̀ á fi lọ sílẹ̀. Àwọn kan ń ṣe é fúnra wọn. Àwọn kan ò ṣe é rárá, ilé iṣẹ́ ti dì í síbì kan látilẹ̀ wá, ibi tí wọ́n sì dì í sí, ilẹ̀ tútù ìlú òyìnbó ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Fún ilẹ̀ pupa, àwọn tó ń lo oríṣiríṣi ìgbì lẹ́ẹ̀kan náà máa ń ṣe dáadáa ju àwọn tó ń lo ẹyọ kan lọ. Minelab, iléeṣẹ́ ará Ọsirélíà, gbé irú ẹ̀ tó wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ jáde, Vanquish ni wọ́n pè é. Ọsirélíà náà ní ilẹ̀ pupa tó kún fún irin, ìyà tó jẹ wọ́n lọ́hùn-ún ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Garrett ará Amẹ́ríkà ní ACE 250, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ ìgbì kan ló ń lò, ó sì ti wà nídìí ilẹ̀ látilé iṣẹ́ wọn. Èèyàn lè lò ó, ṣùgbọ́n kó má retí pé kò ní pariwo lórí yangí.

Ìwọ̀n ẹ̀ tún wà níbẹ̀. ACE 250 yẹn lé díẹ̀ ní kílò kan. Kílò kan lọ́wọ́ bàbá ọmọ, kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹ gbé garawa kékeré lé ọmọ ọdún méje lọ́wọ́, kẹ́ ẹ ní kó máa jù ú sọ́tùn-ún jù ú sósì fún wákàtí kan, ẹ ó rí i bó ṣe máa jókòó sílẹ̀ sunkún. Torí ẹ̀ ni Nokta, iléeṣẹ́ ará Tọ́kì, fi ṣe Mini Hoard fún ọmọ wẹ́wẹ́ àti Midi Hoard fún àwọn tó ti ń bàlágà. Bounty Hunter náà ní èyí tí wọ́n pè ní Junior. Ẹni tó bá máa rà á kó wo bí ọ̀pá náà ṣe ń kúrú tó sì ń gùn. Tọ́mọ bá ní láti tẹ̀ kó tó lè lò ó, tàbí kó gbé ìgúnpá sókè bí ẹyẹ tó fẹ́ fò, kò bá a mu. Ọmọ máa ga sí i, ẹ̀rọ tó lè bá a ga ló dáa.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀ tàn yín jẹ. Àwọn kan kùn ún bí aṣọ ṣọ́jà, wọ́n lẹ àwòrán ajalèlókun mọ́ ọn, wọ́n ní ti ọmọkùnrin ni. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Àwọn ọmọbìnrin náà fa òòfà. Ohun tó wúlò ju àwọ̀ lọ ni ihò tí wọ́n lè ki ìgbọ́rọ̀ bọ̀, kí gbogbo àdúgbò má baà máa gbọ́ “píìn, píìn” látàárọ̀ dalẹ́, àti bátìrì. Èyí tó ń lo bátìrì kékeré mẹ́rin, irú tí wọ́n ń kì sínú rìmóòtù tẹlifíṣàn, ló rọrùn jù, torí kò sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Tákìé tí wọn ò ti ní rí i rà. Èyí tó jẹ́ pé ó ní bátìrì àdáni tirẹ̀, tó bá kú, ó di kẹ́ ẹ tún kọ̀wé sí Àǹtí.

Ẹ jẹ́ kọ́mọ tètè mọ ohun tí ẹ̀rọ ò lè rí o, kí ojú má baà tì í lọ́la. Kò lè rí òkúta iyebíye. Àwọn òkúta aláràbarà tí wọ́n ń wà l'Ókè-Ògùn, tí wọ́n fi ń ṣe òrùka fún ìyàwó olówó, ẹ̀rọ yìí á kọjá lórí wọn bí ẹni pé kò rí wọn. Dáyámọ́ńdì, kò mọ̀ ọ́n. Owó ẹyọ tí wọ́n ń ná láyé àtijọ́ náà, kò mọ̀ ọ́n, torí karawun ni. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ onihò ayé òyìnbó, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè, ó mọ̀ wọ́n dáadáa, pàápàá ṣílè tí wọ́n rọ ṣáájú 1920, torí fàdákà ni. Kọ́bọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1973, ó mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n rọ ní 1991, irin tí wọ́n fi nǹkan mìíràn bò lójú ni, òòfà pàápàá ń gbé e. Tẹ́ ẹ bá yí ẹ̀rọ sí ibi tí kò ti ní máa ké fún irin, á fojú fo àwọn yẹn pọ̀ mọ́ ìṣó. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ gbogbo ẹ̀. Etí ẹ̀ ló máa kọ́ bí ohùn ìṣó ṣe yàtọ̀ sí ohùn bàbà, kì í ṣe ojú sìkírínì.

Gbàrọgùdù tí wọ́n mẹ́nu bà lókè ńkọ́? Ẹni tó bá ní òun ní ẹ̀rọ tó lè júwe ibi tí wúrà wà láti ọ̀nà jíjìn, tí ìrù ẹ̀ máa yí fúnra ẹ̀ síbi tí ìṣúra wà, ẹ sá fún un. Ọkùnrin ará Bìrìtìkó kan, James McCormick, ta irú ẹ̀ fún ìjọba Iraq pé ó lè mọ ibi tí bọ́ǹbù wà. ADE 651 ló pè é. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn sọ́jà gbé e dúró lójú ọ̀nà, bọ́ǹbù sì ń gba iwájú wọn kọjá. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 2013. Bó bá lè tan ìjọba odindi orílẹ̀-èdè, kí ni kò ní fi òbí kan ṣe?

Ó dáa, ẹ̀rọ ti dé, ó dára, ọwọ́ ọmọ gbà á. Níbo ló ti fẹ́ lò ó? Orí ìbéèrè yìí ni ìwé tí wọ́n ń kó sínú páálí ẹ̀rọ ti máa ń já èèyàn jù sílẹ̀, torí àwọn tó kọ ọ́ ò gbé agbo ilé rí.

Nínú agbo ilé àtijọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́, inú ilé ni wọ́n ń sin òkú sí. Bàbá àgbà wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá àgbà wà nínú yàrá, wọ́n sì lè sin ẹlòmíràn mọ́ òrùka ẹ̀ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ idẹ ẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀yẹn. Ó gbọ́ idẹ, ó ké. Ọmọ tó gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀ níbẹ̀ ò tíì mọ ohun tó ń fà, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí mẹ́fà á ti jáde, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dì mọ́nú láti ogún ọdún á tún jí. Wọ́n á ní ta ló rán ọmọ níṣẹ́? Ṣé bàbá ẹ̀ ń wá ìwé ilẹ̀ ni àbí ó ń wá nǹkan mìíràn?

Nǹkan mìíràn yẹn gan-an ló léwu. Ẹ mọ ayé tí a wà yìí. Ẹni tó bá ń hú ilẹ̀ ní oríta mẹ́ta, tàbí lẹ́yìn ilé onílé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó máa gbà pé kọ́bọ̀ 1973 ló ń wá. Wọ́n á ní oògùn ló fẹ́ rì, tàbí oògùn ẹlòmíràn ló fẹ́ hú. Wọ́n á ní ọmọ Yahoo ni. Kí àlàyé tó jáde lẹ́nu ẹ̀, àwọn kan á ti gbé táyà dé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè rí àánú gbà. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọmọ ọdún méjìdínlógún tó tẹ̀ lé e lọ lè má rí i gbà. Ìdí ojúbọ Ògún náà wà níbẹ̀, níwájú ilé alágbẹ̀dẹ àti lọ́dọ̀ àwọn awakọ̀. Gbogbo ibẹ̀, irin ni. Ẹ̀rọ á ké títí bátìrì á fi kú. Kí ọmọ má fọwọ́ kan ibẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ onígbàgbọ́ tàbí ọmọ mùsùlùmí, torí nǹkan onínǹkan ni.

Òwúrọ̀ Sátidé ló dáa jù, tí oòrùn bá ti là, tí gbogbo èèyàn ń rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Kí òbí fúnra ẹ̀ lọ kí baálé ilé tàbí onílẹ̀ kọ́kọ́: “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ọmọ yín yìí ló gba ẹ̀rọ kan láti òkè òkun, ó fẹ́ fi kọ́ ẹ̀kọ́ iléèwé ẹ̀ lórí ilẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá fàyè gbà á. Ohunkóhun tó bá rí, ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ gbé e hàn.” Baálé tí wọ́n bá bá sọ̀rọ̀ báyìí, òun fúnra ẹ̀ ló máa gbé àga jáde wá wòran, á sì tún máa júwe ibi tí òun ti sọ owó nù ní kékeré. Pápá iléèwé náà dáa, tí ọ̀gá iléèwé bá ti mọ̀ sí i. Abẹ́ igi tí àwọn ìyá alákàrà ti ń tajà láti ọjọ́ pípẹ́ dáa ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ibi tí owó bá ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn fún àádọ́ta ọdún, díẹ̀ á ti já sílẹ̀. Kòtò tí wọ́n bá gbẹ́, kí wọ́n dí i. Ewúrẹ́ tó bá kán lẹ́sẹ̀ nínú kòtò ọmọ yín, ẹ̀yin lẹ máa ra òmíràn.

Òfin náà wà níbẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọnijẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kan orí idẹ àtàtà tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Kò sẹ́ni tó mú ẹ̀rọ dání, ọkọ́ lásán ni. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn orí náà fi di ti British Museum ní London, ibẹ̀ ló sì wà di bá a ti ń wí yìí. Irú ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa ṣòfin. Òfin 77 ti ọdún 1979, tó dá àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgbàṣẹ, ẹni tó bá sì ṣèèṣì rí i gbọ́dọ̀ lọ sọ. Ohun àlùmọ́ọ́nì ńkọ́? Òfin ìwakùsà ti 2007 fi sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, tó wà nínú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park láti 1991, kì í ṣe ibi tí wọ́n ń mú ọmọ àti ẹ̀rọ lọ ṣeré. Wíwò ni ti ibẹ̀, kì í ṣe híhú.

Ti ìlú òyìnbó yàtọ̀ díẹ̀. Ní 2009, ọmọkùnrin ọdún mẹ́ta kan tẹ̀ lé bàbá ẹ̀ lọ sóko ní Essex, wọ́n fi ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́, kò tíì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó fi bá ẹ̀gbà ọrùn wúrà kan pàdé, ohun tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Òfin ìṣúra tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1996 ní kí ẹni tó bá rí i lọ sọ, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá sì fẹ́ ẹ, wọ́n á sanwó, ẹni tó rí i àti onílẹ̀ sì lè jọ pín in. Ìdí nìyẹn tí òyìnbó fi ń rẹ́rìn-ín nínú fóònù. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham náà kí wọ́n má ṣi í gbọ́ o: etí odò Thames tó wà nítòsí wọn, kò sẹ́ni tó ń wá nǹkan kan níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ.

Ewu mìíràn wà tí wọn kì í kọ sára páálí. Ẹ̀rọ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín owó àti ọta ìbọn. Lẹ́yìn tí ilé ìkẹ́rùsí ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2002, tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún èèyàn tó bá a lọ, àwọn bọ́ǹbù tí kò tíì bú fọ́n ká àdúgbò, wọ́n ń kìlọ̀ fún aráàlú pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ìlà oòrùn ilẹ̀ yìí ńkọ́? Ogun Biafra parí ní 1970, ní 2017 ilé ẹjọ́ ECOWAS ṣì ń bá ìjọba Nàìjíríà sọ̀rọ̀ nípa owó àwọn tí bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ ogun náà ṣe lọ́ṣẹ́, àti owó híhú àwọn tó kù. Ògbómọ̀ṣọ́ ò rí irú ogun yẹn, ṣùgbọ́n ìlú ọdẹ ni, ọta wà nílẹ̀ ibẹ̀. Ohun tó bá rí bí ọta, tàbí tó rí gbọọrọ tó wúwo tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n, kí ọmọ fi sílẹ̀ níbi tó wà, kó má fi òkúta lù ú, kó má jù ú sínú iná, kó pe àgbà.

Góòlù náà, tí ọkàn òbí kan bá ń fà síbẹ̀, kí wọ́n rántí Zamfara. Ní 2010, ó lé ní irinwó ọmọdé tó kú ní àwọn abúlé níbẹ̀. Òkúta tó ní góòlù ni àwọn òbí wọn gbé wálé lọ̀, òjé tó wà nínú òkúta náà di eruku, eruku sì wọ àwọn ọmọ lára. Òkúta tọ́mọ bá gbé wálé pé ẹ̀rọ ké lé òun lórí, ẹ má fọ́ ọ nínú ilé. Èyí tó kéré jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ìṣó tó dógùn-ún: ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ bóyá ó ti gba ti tẹ́tánọ́ọ̀sì pé, ẹ wọ̀ ọ́ ní bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ sì wá ìbọ̀wọ́ fún un.

Ẹni tówó ò bá tíì sí lọ́wọ́ ẹ̀, tàbí tí kò dá a lójú pé ìfẹ́ ọmọ náà máa ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ọ̀nà kan wà tí kò ní í ná an ní nǹkan kan. Ẹ wá rédíò kékeré tó ń gba AM, ẹ tan án, ẹ yí i síbi tí kò ti sí iléeṣẹ́ kankan, ibi tó ti ń ṣe “ṣììì.” Ẹ tan kakulétọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò lọ́jà, ẹ gbé e tì í lẹ́yìn, ẹ máa yí méjèèjì títí ohùn mìíràn á fi jáde nínú rédíò. Ẹ so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e sún mọ́ ṣíbí tàbí kọ́kọ́rọ́, ohùn yẹn á yí. Kò lè rí nǹkan tó jìn, ṣùgbọ́n ọmọ á ti fojú ara ẹ̀ rí bí ẹ̀rọ ńlá ṣe ń ṣe é. Tíṣà físíìsì tó bá mọṣẹ́ ẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọ́ odindi kíláàsì, ìlú tí LAUTECH wà láti 1990 ò sì yẹ kó ṣàìní ọmọ tó lè ká wáyà tirẹ̀.

Tí wọ́n bá wá ra ẹ̀rọ gidi, kí wọ́n má ì tíì gbé e jáde nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí wọ́n rí nǹkan márùn-ún mọ́lẹ̀ sẹ́yìnkùlé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó ìka ọwọ́: ìṣó kan, ìdérí mínírà kan, kọ́bọ̀ àtijọ́ kan, ọwọ́ agolo kan àti òrùka kan. Kí ọmọ gbé ẹ̀rọ kọjá lórí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó mọ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún rí i bóyá ilẹ̀ pupa ibẹ̀ ń ké ju òrùka lọ. Tó bá ń ké jù ú lọ, owó ẹ̀rọ yẹn ni kẹ́ ẹ lọ gbà padà kí ọjọ́ tó kọjá. Kẹ́ ẹ sì fi igi sàmì síbi tẹ́ ẹ ri òrùka náà mọ́ o, pàápàá tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ìyá ọmọ lẹ ti bọ́ ọ.